Bí módẹ̀mù bá kọ̀ tí kò gbé íntánẹ́ẹ̀tì: Oríkèé mẹ́rin tó yẹ kí onílé yẹ̀ wò kó tó náwó

Iná ara módẹ̀mù ń ṣẹ́jú, kọ̀ǹpútà ń kọ ọ́ síta pé òun ti wà lórí ayélujára, síbẹ̀ ojú-ewé tí wọ́n fẹ́ ṣí kò ṣí. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣe ní Abẹ́òkúta àti káàkiri ilẹ̀ Ẹ̀gbá bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ. Wọ́n á tún dátà rà, tàbí kí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà lọ fún ẹni tó ń tún un ṣe, tàbí kí wọ́n ju módẹ̀mù náà nù kí wọ́n sì ra tuntun. Ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń náni lówó, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kò sí ọ̀kan nínú wọn tó kan ibi tí àrùn náà wà.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì mọ sórí owó nìkan. Ọmọ tó ń retí àtiwọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga gbọ́dọ̀ wọ orí ìkànnì àjọ JAMB láti fọwọ́ sí i pé òun gba àyè tí wọ́n fún òun. Ẹni tó ń wáṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi ìwé rẹ̀ ránṣẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ tí wọ́n dá tó ṣú. Ọjọ́ kì í dúró de módẹ̀mù. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ká kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, ká tó wá fi àbọ̀ bá adìyẹ. Bí ẹnikẹ́ni yóò bá bá módẹ̀mù wí, ó yẹ kó ti mọ̀ dájú pé módẹ̀mù ló jẹ̀bi.

Módẹ̀mù kì í ṣe ohun tó díjú. Fóònù tí kò ní etí, tí kò sì ní ẹnu ni. Káàdì síìmù wà nínú rẹ̀ bó ṣe wà nínú fóònù, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ju pé kó máa bá òpó ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ sọ̀rọ̀, kó sì máa gbé èsì fún kọ̀ǹpútà. Ọdún 2001 ni ètò GSM bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà. Nígbà tó di ọdún 2007, àjọ NCC tó ń ṣe àkóso àwọn ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ fún ilé-iṣẹ́ mẹ́rin ní ìwé-àṣẹ 3G, ìyẹn ìran kẹta, èyí tó yára tó láti gbé íntánẹ́ẹ̀tì wọ inú ilé. Láti ìgbà náà ni módẹ̀mù ti di ohun èlò ilé, tí ọ̀pọ̀ kò sì ní láti lọ jókòó sí kafẹ́ mọ́. Lóde òní, àwọn mìíràn ń fi fóònù wọn tàbí ẹ̀rọ MiFi pín íntánẹ́ẹ̀tì fún kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn ń tọ̀, àìsàn wọn sì jọra.

Oríkèé mẹ́rin ni ọ̀nà náà ní. Àkọ́kọ́ wà láàárín kọ̀ǹpútà àti módẹ̀mù, èkejì wà láàárín módẹ̀mù àti òpó, ẹ̀kẹta wà láàárín káàdì síìmù àti ilé-iṣẹ́ tó ni ín, ẹ̀kẹrin sì wà nínú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. Oríkèé kọ̀ọ̀kan ló ní àmì tirẹ̀. Ẹni tó bá ń yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, tí kò yí ju ohun kan padà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, yóò rí ibi tó ti yẹ̀.

Láàárín kọ̀ǹpútà àti módẹ̀mù

Àmì àìsàn oríkèé yìí ni pé iná módẹ̀mù kò tàn rárá, tàbí ó ń tàn ó ń kú, tàbí kọ̀ǹpútà ń sọ pé òun kò rí ẹ̀rọ kankan. Àìtó agbára iná wà lára ohun tó sábà ń fà á. Ihò USB àtijọ́, ìyẹn USB 2.0, kò gbọdọ̀ fún ohun tí wọ́n kì bọ̀ ọ́ ju mílíámpì 500 lọ. Bí òpó bá jìnnà, módẹ̀mù ní láti fi agbára púpọ̀ ké kí òpó tó gbọ́ ọ, á sì máa fa iná náà dé òpin. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ìgbà tó bá ń gbìyànjú láti so gan-an ló ń kú, tí yóò sì tún tàn padà. Kí onílé yọ ọ́ kúrò ní ihò iwájú kọ̀ǹpútà orí tábìlì, kó kì í bọ ihò ẹ̀yìn, nítorí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ ló gbé iná lọ sí tiwájú. Kó má sì fi ohun tí ń pín ihò kan sí mẹ́rin sáàárín wọn.

Ohun mìíràn ni pé ọ̀pọ̀ módẹ̀mù ló ní ojú méjì. Bí wọ́n bá kọ́kọ́ kì í bọ kọ̀ǹpútà, yóò ṣe bí ẹni pé awo CD ni òun, kí kọ̀ǹpútà lè rí sọ́fíwíà tó wà nínú rẹ̀ gbé kalẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni yóò tó yí ojú padà di módẹ̀mù. Bí sọ́fíwíà náà kò bá wọlé tán, ojú àkọ́kọ́ ni yóò máa fi hàn títí. Èyí tí wọ́n ṣe fún Windows XP sì lè má bá Windows 10 tàbí 11 ṣe. Bákan náà, bí sọ́fíwíà ilé-iṣẹ́ méjì bá wà lórí kọ̀ǹpútà kan, wọ́n lè máa du módẹ̀mù mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Kí wọ́n yọ èyí tí wọn kò lò mọ́, kí wọ́n pa kọ̀ǹpútà, kí wọ́n sì tún un tàn.

Láàárín módẹ̀mù àti òpó

Níbí ni ọ̀rọ̀ Abẹ́òkúta ti yàtọ̀ sí ti ìlú tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá tẹ̀dó sábẹ́ Olúmọ ní ọdún 1830, òkúta ló dáàbò bò wọ́n. Òkúta yìí kan náà ni ìgbì rédíò kò rí là kọjá. Ilé tó wà lẹ́yìn àpáta, tí òpó sì wà ní òdìkejì, inú òjìji ló wà, bí òpó náà kò tilẹ̀ jìnnà. Ìdí nìyí tí ilé méjì tó fara kanra fi lè yàtọ̀ síra, kí íntánẹ́ẹ̀tì máa sáré nínú ọ̀kan, kó sì máa rákò nínú èkejì. Páànù orí ilé náà ń kó ti rẹ̀ bá a, nítorí irin ni, irin a sì máa dá ìgbì padà. Yàrá àárín gbùngbùn tí ògiri yí ká ló sábà máa ń burú jù lọ.

Àwọn kan á béèrè pé, bí ìpè fóònù bá ń wọlé dáadáa nínú yàrá yìí, kí ló dé tí módẹ̀mù kò gbé? Ìpè lè gba orí ìgbì 900 megahertz, èyí tó ń rìn jìnnà, tó sì ń gba ara ògiri wọlé. Orí ìgbì 2100 megahertz ni 3G ti bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, ògiri àti òkè a sì máa tètè dá ìyẹn dúró. Ìpè tó dára kò túmọ̀ sí pé dátà yóò dára.

Iná ara módẹ̀mù ń sọ̀rọ̀ fún ẹni tó bá mọ èdè rẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ módẹ̀mù Huawei, iná aláwọ̀ ewé tó ń ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì láàárín ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta ń wí pé ẹ̀rọ ti tàn, ṣùgbọ́n kò tíì bá òpó kankan ṣe àdéhùn. Bó bá ń ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, 2G tó ń fà bí ìgbín ló rí. Bó bá jẹ́ aláwọ̀ búlúù, 3G ló rí. Bí iná náà bá dúró gbọn-in láìṣẹ́jú mọ́, ó ti so.

Òògùn ibí yìí kò wọ́n. Kí wọ́n fi wáyà USB tí kò gùn ju mítà mẹ́ta lọ gbé módẹ̀mù lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kí wọ́n sì dán fèrèsé kọ̀ọ̀kan wò, nítorí ọ̀kan nínú wọn lè kọjú sí òpó. Bó bá sì jẹ́ pé ó ń yára ní ìdájí, tó ń fà ní aago mẹ́jọ alẹ́, módẹ̀mù kọ́ ló bàjẹ́, èrò ló pọ̀ lórí òpó. Ọ̀pọ̀ tún ń ṣi nọ́ḿbà ara páálí kà. Módẹ̀mù tí wọ́n kọ 7.2 megabit sí lára kò lè gbé ju 0.9 megabyte lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, nítorí bit mẹ́jọ ló wà nínú byte kan, gbogbo àwọn tó wà lábẹ́ òpó náà ni wọ́n sì jọ ń pín ohun tó ń gbé.

Láàárín síìmù àti ilé-iṣẹ́

Àmì ti oríkèé yìí ni pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kún, ṣùgbọ́n módẹ̀mù kọ̀ láti so, tàbí ó so tán ó sì já lójú ẹsẹ̀. Ọ̀nà tó yá jù ni kí wọ́n yọ síìmù kúrò, kí wọ́n fi sínú fóònù. Láti ọdún 2023, nọ́ḿbà kan náà ni gbogbo ilé-iṣẹ́ ń lò: *323# ni wọ́n fi ń wo dátà tó kù, *310# sì wà fún owó ìpè. Láti oṣù Kejìlá ọdún 2020 ni ìjọba àpapọ̀ sì ti pàṣẹ pé kí wọ́n so gbogbo síìmù mọ́ nọ́ḿbà ìdánimọ̀ NIN. Síìmù tó ti wà nínú módẹ̀mù tipẹ́ ni onílé máa ń gbàgbé láti so, wọ́n sì lè ti dí i pa.

Bí síìmù bá gbé dátà nínú fóònù, tí kò gbé e nínú módẹ̀mù, kí wọ́n wo APN, ìyẹn orúkọ ẹnu-ọ̀nà tí módẹ̀mù ń dárúkọ kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn fún un. Ti MTN ni web.gprs.mtnnigeria.net, ti Airtel ni internet.ng.airtel.com, ti Glo sì ni gloflat. Àmì tóótun kan ṣoṣo tó bá yẹ̀ níbẹ̀, ilẹ̀kùn kò ní ṣí. Nọ́ḿbà tí módẹ̀mù sì ń pè ni *99#.

Ohun méjì ló yẹ kí wọ́n ṣọ́ra fún. Módẹ̀mù tí ilé-iṣẹ́ kan tà lè jẹ́ èyí tí wọ́n dè mọ́ síìmù tiwọn nìkan, tí yóò máa béèrè nọ́ḿbà ìṣílẹ̀kùn bí wọ́n bá fi ti ẹlòmíràn sí i. Ìyẹn kì í ṣe ìbàjẹ́. Èkejì ni pé bí wọ́n bá ṣi PIN síìmù tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, yóò béèrè PUK, bí wọ́n bá sì ṣi PUK tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá, síìmù náà ti kú nìyẹn. Kí ẹnikẹ́ni má fojú díwọ̀n nọ́ḿbà.

Nínú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀

Bí módẹ̀mù bá ti so, tí dátà wà, tí ojú-ewé kò sì ṣí, kí wọ́n kọ́kọ́ wo aago kọ̀ǹpútà. Bátìrì róbótó kan tó dà bí owó ẹyọ, CR2032, ló ń bá ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà orí tábìlì pa ọjọ́ mọ́ nígbà tí iná kò sí. Bó bá ti kú, gbogbo ìgbà tí iná mànàmáná bá lọ ni kọ̀ǹpútà yóò padà sí ọjọ́ àtijọ́. Àwọn ìkànnì tó ní ààbò sì ní ìwé-ẹ̀rí tó ní ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ òpin. Kọ̀ǹpútà tó rò pé ọdún 2009 ni òun wà yóò ka ìwé-ẹ̀rí náà sí ayédèrú, yóò sì kọ̀ láti ṣí ìkànnì ilé-ìfowópamọ́ tàbí ti ilé-ẹ̀kọ́. Bátìrì kékeré yìí ló yẹ kí wọ́n pààrọ̀, kì í ṣe módẹ̀mù.

Bí aago bá péye, kí wọ́n ṣí Command Prompt, kí wọ́n tẹ ping 8.8.8.8, ìyẹn nọ́ḿbà ẹ̀rọ Google kan. Bí èsì bá wá, ọ̀nà là. Kí wọ́n tún wá tẹ ping google.com. Bí èyí kò bá dáhùn, ohun tó ń sọ orúkọ ìkànnì di nọ́ḿbà, tí wọ́n ń pè ní DNS, ni kò ṣiṣẹ́, wọ́n sì lè fi 8.8.8.8 kan náà rọ́pò rẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé dátà ló ń tán láìnídìí, ó ṣeé ṣe kí Windows máa ṣe àtúnṣe ara rẹ̀ lábẹ́lẹ̀. Windows 10 àti 11 ní àyè tí wọ́n ń pè ní metered connection. Bí wọ́n bá tàn án, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ yóò dúró.

Ìgbà tí ẹ̀bi kò sí nínú ilé

Ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹta, ọdún 2024, àwọn wáyà ńlá abẹ́ òkun já nítòsí Abidjan ní Kóòtù Difúà, íntánẹ́ẹ̀tì sì dákú ní ọ̀pọ̀ ibi ní Nàìjíríà. Bí ẹnikẹ́ni ní Abẹ́òkúta bá ra módẹ̀mù tuntun lọ́jọ́ náà, ó fi owó ṣòfò. Nítorí náà, kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ aládùúgbò tó ń lo ilé-iṣẹ́ kan náà kí wọ́n tó tú ohunkóhun palẹ̀. Bí ti aládùúgbò náà kò bá gbé, kí wọ́n pe 300, tí í ṣe nọ́ḿbà ìpè fún ìrànlọ́wọ́ ní gbogbo ilé-iṣẹ́, kí wọ́n sì gba nọ́ḿbà ẹ̀sùn sílẹ̀. Bí ilé-iṣẹ́ kò bá yanjú rẹ̀, NCC ń gba ẹ̀sùn lọ́fẹ̀ẹ́ lórí 622.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, ìdánwò kan ló kù: kí wọ́n kì módẹ̀mù bọ kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn, pẹ̀lú síìmù tó ti ṣiṣẹ́ nínú fóònù. Bó bá gbé níbẹ̀, kọ̀ǹpútà tilé ló ń ṣàìsàn, ibẹ̀ sì ni kí owó àtúnṣe lọ. Bó bá kọ̀ níbẹ̀ náà, módẹ̀mù ti lo ọjọ́ tirẹ̀ tán. Ẹni tó bá lọ ra tuntun nígbà náà mọ ohun tó ń ra àti ìdí tó fi ń rà á. Kó sì béèrè èyí tó lè gbé 4G, nítorí ọ̀pọ̀ módẹ̀mù àtijọ́ kò mọ̀ ju 3G lọ.