Òdo iwájú nọ́ńbà àkáǹtì: ohun tó lè gbé owó oṣù gba ọ̀nà ẹ̀bùrú

Ẹ jẹ́ ká sọ pé akọ̀wé owó kan ní ilé-iṣẹ́ kan ní Bompai, ní Kánò, ń to nọ́ńbà àkáǹtì àwọn òṣìṣẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Ó tẹ 0000014579. Kọ̀ǹpútà fi 14579 pa mọ́. Báǹkì kò ní gba nọ́ńbà márùn-ún.

Kí ló gbé òdo lọ?

Kọ̀ǹpútà kà á sí iye tí wọ́n fẹ́ fi ṣírò, òdo iwájú kò sì fi nǹkan kan kún iye. Ṣùgbọ́n ta ló ń ro nọ́ńbà àkáǹtì pọ̀? Ìdánimọ̀ ni, bíi nọ́ńbà fóònù tó bẹ̀rẹ̀ láti 080.

Ètò NUBAN, tí báǹkì àpapọ̀ CBN gbé jáde ní 2010, sọ nọ́ńbà àkáǹtì di mẹ́wàá. Mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ jẹ́ ti oníbàárà; bí kò bá pé, òdo ni wọ́n fi ń dí i lápá òsì. Ìkẹwàá wà fún àyẹ̀wò. Bí a ṣe ń rí i nìyí: ẹ kọ 011, kóòdù First Bank, ṣáájú 000001457. Ẹ fi 3, 7, 3 sọ wọ́n di púpọ̀ léraléra. Àròpọ̀ jẹ́ 81. Ẹ fi 10 pín in, ó ṣẹ́ku 1. Ẹ yọ 1 kúrò nínú 10: 9 nìyẹn, òun ni nọ́ńbà ìkẹwàá.

Apá wo la ó ti dí i?

Nínú àwọn dátábéèsì bíi PostgreSQL, MySQL àti Oracle, àṣẹ LPAD('14579', 10, '0') á dá òdo márààrún padà sápá òsì. Bí ẹnìkan bá ṣèèṣì lo RPAD, apá ọ̀tún ni yóò dí: 1457900000. Ẹ tún àyẹ̀wò ṣe pẹ̀lú 011: àròpọ̀ jẹ́ 140, kò ṣẹ́ku nǹkan kan, nítorí náà nọ́ńbà ìkẹyìn gbọ́dọ̀ jẹ́ 0. Ó bá a mu! Àyẹ̀wò gbà á wọlé, ó sì lè jẹ́ àkáǹtì ẹlòmíràn. Owó tẹ́nìkan fi òógùn rẹ̀ wá lè bọ́ sápò àjèjì.

LPAD náà ní ewu tirẹ̀: bí nọ́ńbà bá ju mẹ́wàá lọ, yóò gé ìparí rẹ̀ láìkìlọ̀.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ni kí dátábéèsì ka nọ́ńbà àkáǹtì sí láti ìbẹ̀rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ kà á sí iye. Kí wọ́n ka gígùn rẹ̀ kí LPAD tó fọwọ́ kàn án, kí wọ́n sì fi orúkọ tí báǹkì gbé jáde wé ti òṣìṣẹ́ kí owó tó lọ. Àyẹ̀wò ìṣirò nìkan kò tó láti dáàbò bo owó oṣù ẹnikẹ́ni.