Òyìnbó wọn Odò Ọya, ó tún ya àwòrán rẹ̀: ta ló ń jẹ èrè ibẹ̀?

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ̀yin oníṣẹ́-ọwọ́, ẹ gbọ́ ná! Gbogbo ẹni tó bá mọ GRA Ìlọrin níbí, níbi tí àwọn òyìnbó ìjọba ń gbé láyé ìjọsí, mọ̀ pé awọnlẹ̀ ló máa ń ṣáájú bíríkìlà. Àmọ́ kí òyìnbó tó gba ilẹ̀ wa rárá ni awọnlẹ̀ wọn kan ti dé.

William Allen lorúkọ rẹ̀, ológun ojú omi ni. Ní 1832, ìjọba rẹ̀ ní kó bá ọkọ̀ Laird àti Lander gòkè Odò Ọya, kó wọ̀n ọ́n, kó ya máàpù rẹ̀. Ìrìn yẹn kì í ṣe fàájì o! Nínú nǹkan bí òyìnbó 48 tó lọ, 9 péré ló padà sílé láàyè. Ibà ló pa èyí tó pọ̀ jù. Orí kó Allen yọ. Bó ti ń wọn omi, bẹ́ẹ̀ ló ń ya àwòrán etí odò. Ní 1840, ó fi wọ́n ṣe ìwé ní Lọ́ńdọ́nù, Picturesque Views on the River Niger. Ní 1841 ó tún padà wá, ó di ọ̀gá ọkọ̀ Wilberforce, nínú ìrìn kan náà tí Àjàyí Crowther bá wọn lọ. Wọ́n dá oko sílẹ̀ ní Lọ́kọ́jà, tó wà lábẹ́ Ìlọrin wa níbí kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀ ní 1991.

Ọjà rẹ̀ wá ńkọ́? Aláàdìrẹ á tètè mọ̀ ọ́n. Èyí tí a fi ìyẹ́ adìẹ ya lẹ́yọ kan ṣoṣo, ṣé owó rẹ̀ lè bá ti ẹ̀rọ dọ́gba? Bẹ́ẹ̀ náà ni àwòrán tọ́wọ́ Allen gan-an kàn, àti èyí tí wọ́n tẹ̀ sínú ìwé. Àwọn kan nínú àwọn tó ń ta ìwé àtijọ́ a tiẹ̀ máa fa irú ìwé bẹ́ẹ̀ ya, wọ́n á fi férémù sí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, wọ́n á tà á bí ẹni ń ta adìẹ lápá lẹ́sẹ̀. Ìwà ìbàjẹ́ ni lójú tèmi, ṣùgbọ́n owó ń bẹ níbẹ̀.

Ọmọ tiwa náà ti wọ ọjà yẹn. Ben Enwonwu ya àwòrán Tutu, Ọmọba Adétutù Adémilúyì ti Ilé-Ifẹ̀. Inú fúláàtì kan ní Lọ́ńdọ́nù ni ọ̀kan wà, àwọn tó ni ín kò mọ iye rẹ̀. Nígbà tí Bonhams lu ú ní gbàǹjo ní oṣù Èrèlé 2018, £1,205,000 ló lọ! Enwonwu ti kú láti 1994.

Bí ẹ bá rí àwòrán àtijọ́ nínú yàrá ẹrù, ẹ wo igun rẹ̀ bóyá orúkọ àti ọdún wà níbẹ̀. Ẹ má fi àkísà tútù nù ún. Ẹ gbé e lọ han àwọn ará mùsíọ́mù kí ẹ tó pe àwọn tó ń ra àlòkù kiri.