Orúnkún Tó Ń Dunni: Ìtọ́jú Titun Tí A Ń Gbúròó Rẹ̀, àti Ohun Tó Yẹ Kí A Mọ̀ Kí A Tó Náwó

Àwọn baba wa wí pé ìlera ni oògùn ọrọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń fi ẹsẹ̀ wá owó: ẹni tí ń ru ẹrù, ẹni tí ń dúró ti àtẹ láti àárọ̀ di alẹ́, ẹni tí ń gun àtẹ̀gùn ọjà lójoojúmọ́. Bí orúnkún bá kọṣẹ́, ọjà kì í dúró deni. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kan ti ń bi wá léèrè nípa abẹ́rẹ́ stem cell àti exosome tí wọ́n ní ó ń sọ orúnkún di titun, àwọn mìíràn sì ń béèrè bóyá àwọn lè yá owó ẹgbẹ́ nítorí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé rẹ̀ bí ó ti rí.

KÍ NI Ó Ń BÀJẸ́?

Ẹ wo orí egungun itan adìẹ nígbà tí ẹ bá ń jẹun. Ohun funfun kan wà níbẹ̀ tí ń dán, tí ń yọ̀, tí kò le tó egungun. Irú rẹ̀ wà lára tiwa náà níbi tí egungun méjì bá ti pàdé. Àwọn dókítà ń pè é ní cartilage. Àwa yóò pè é ní egungun rírọ̀. Òun ni kì í jẹ́ kí egungun máa ha egungun. Ṣùgbọ́n kò sí iṣan ẹ̀jẹ̀ nínú rẹ̀. Bí ọ̀bẹ bá gé wa lọ́wọ́, ẹ̀jẹ̀ ni ó ń kó ohun àtúnṣe lọ síbẹ̀. Egungun rírọ̀ kò rí irú ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Láti 1743 ni dókítà kan ní London, William Hunter, ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí ó bá ti bàjẹ́, kì í padà bọ̀ sípò.

ÈYÍ TÍ WỌ́N TI DÁN WÒ LÁRA ÈNÌYÀN

Sẹ́ẹ̀lì ni ẹyọ kékeré tí a fi kọ́ gbogbo ara, bí búlọ́ọ̀kù lára ilé. Ní 1994, àwọn dókítà ní Gothenburg, ní Sweden, ròyìn ohun tí wọ́n ṣe fún ènìyàn 23. Wọ́n bu díẹ̀ nínú egungun rírọ̀ aláìsàn, wọ́n mú kí àwọn sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ di púpọ̀, wọ́n sì dá wọn padà sí ojú ibi tó ti jẹ. Nínú àwọn 16 tí ọgbẹ́ tiwọn wà ní orí egungun itan, 14 ni ó dára fún. Nínú àwọn 7 tí tiwọn wà lẹ́yìn egungun kékeré tó bo orúnkún, 2 péré ni. Ẹ ṣàkíyèsí pé wọn kò fi èyí tí kò dára pamọ́.

Bí àgbẹ̀ bá gbin iṣu, ó máa ń ri ọ̀pá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ìtàkùn lè rí nǹkan fà mọ́. Sẹ́ẹ̀lì náà ń fẹ́ irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀. Òun ni àwọn onímọ̀ ń pè ní scaffold, ìyẹn fírémù rírọ̀ tí ara yóò yọ́ dànù nígbà tí iṣẹ́ bá parí. Ní December 2016, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí èyí tí ń jẹ́ MACI: sẹ́ẹ̀lì aláìsàn fúnra rẹ̀ ni, lórí fírémù tí wọ́n fi ara ẹlẹ́dẹ̀ ṣe. Ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò bá fàyè gba ẹlẹ́dẹ̀, kí ó mọ ohun tí yóò béèrè. Ibi kan tó dá lu ni ó wà fún, kì í ṣe orúnkún àgbà tó ti jẹ tán pátápátá.

KÍ NI EXOSOME?

Stem cell ni sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀, tí ó lè di oríṣi mìíràn, bí àgbàdo ṣe lè di ògì, tí ó lè di ẹ̀kọ, tí ó sì lè di àádùn. Nígbà tí wọ́n bá gún un sínú oríkèé, kì í pẹ́ kú, síbẹ̀ ara a máa san díẹ̀. Èyí ni ó mú kí àwọn onímọ̀ wo ohun tí ó ń tú síta.

Àrokò ni àwọn àgbà wa fi ń ránṣẹ́: wọn a di nǹkan sínú àpò, ẹni tó gbà á a tú u, a sì mọ ohun tí wọ́n ní kí òun ṣe. Àrokò sẹ́ẹ̀lì ni exosome. Ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí nǹkan bíi 500 fi gbọ́dọ̀ tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí wọ́n tó fẹ̀ tó fọ́nrán irun kan. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ rí i ní 1983, ní Montreal àti ní St. Louis, wọ́n rò pé pàǹtí ni sẹ́ẹ̀lì ń dà nù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí i pé ó ń gbé àṣẹ kiri: pé kí wíwú rọlẹ̀, pé kí sẹ́ẹ̀lì tó kù máa pọ̀ sí i.

Ní 2016, àwọn onímọ̀ ní Singapore lu ihò sí orúnkún eku, wọ́n ń gún un ní exosome lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 12. Ihò náà dí dáadáa ju ti orúnkún tó gba omi iyọ̀ lásán lọ. Ṣùgbọ́n omi tó wà nínú oríkèé a máa gbá àrokò náà lọ. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ki í sínú fírémù báyìí, kí ó lè máa jáde díẹ̀díẹ̀ níbi tí a ti fẹ́ ẹ gan-an. Ọgbọ́n tó dára ni. Ṣùgbọ́n lára eku àti ehoro ni ẹ̀rí rẹ̀ pọ̀ sí; ti ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni.

OWÓ WA ŃKỌ́?

Ní December 2019, àjọ tí ń bójútó oògùn ní Amẹ́ríkà, FDA, kìlọ̀ fún gbogbo ènìyàn lẹ́yìn tí nǹkan burúkú ṣẹlẹ̀ sí àwọn aláìsàn kan ní Nebraska tí wọ́n gba ohun tí wọ́n pè ní exosome. Títí di ìsinsìnyí, àjọ náà kò tíì fọwọ́ sí oògùn exosome kankan. Ti ìyẹ̀fun inú sáṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní stem cell, tí a ń pò mu, ikùn ni yóò dà á bí oúnjẹ. Kò mọ ọ̀nà orúnkún. Nọ́ńbà NAFDAC tó wà lára àfikún oúnjẹ kò sì túmọ̀ sí pé ó ń wo orúnkún sàn.

Nítorí náà, kí ẹ tó wá gba fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó, ẹ bi ẹni tí ń tà á ní ìbéèrè mẹ́ta. Èkíní, ènìyàn mélòó ni ẹ ti ṣe é fún, mélòó ni kò sì dára fún? Èkejì, àjọ ìjọba wo ni ó fọwọ́ sí i fún orúnkún? Ẹ̀kẹta, ta ni yóò tọ́jú mi bí ó bá yíwọ́? Nínú ẹgbẹ́ wa, akápò tí kò bá fi ìwé han ọ́dítọ̀, a kì í fi owó sí i lọ́wọ́. Ẹ má ṣe fi orúnkún yín sí ọwọ́ ẹni tí kò ní ìwé.

Kí a tó dé ibẹ̀, ohun tí apá ká wà. Ẹ lọ jẹ́ kí dókítà eegun wò yín, bí ti Ìgbóbì ní Èkó. Ẹ dín ẹrù kù, ẹ dín sísanra kù, ẹ máa ṣe eré ìdárayá tí ń mú iṣan itan le. Ẹ má ṣe máa gbé oògùn ìrora mì lójoojúmọ́ láìbéèrè, nítorí ó lè dá egbò sí inú, ó sì lè ba kíndìnrín jẹ́.

Bí a bá fi sùúrù pa èèrà, a ó rí ìfun inú rẹ̀. Bí ìtọ́jú yìí bá di ohun tí ó dájú, a ó kọ ọ́ fún yín nínú ìwé yìí, ẹgbẹ́ yóò sì jókòó lórí bí a ó ṣe ran ara wa lọ́wọ́. Ọlọ́run yóò fún wa ní ẹsẹ̀ tí a ó fi rìn dé ibi ire.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́