Ṣọ́ọ̀bù Kan, Àjọ Kan, Òfì Kan Náà

Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ kan wà tó ń tajà fún èrè ara wọn, tí wọ́n tún ń darí àjọ aláàánú tó jẹ mọ́ iṣẹ́ kan náà. Ẹni tó ń ta aṣọ á tún máa kọ́ ọmọ aláìní ní aṣọ híhun lọ́fẹ̀ẹ́, owó ọjà ni yóò sì fi ra òwú ẹ̀kọ́. Irú iṣẹ́ yìí ni Olóyè Nike Okundaye bẹ̀rẹ̀ ní Òṣogbo ní ọdún 1983: owó aṣọ àdìrẹ àti àwòrán tó ń tà ló fi ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ láì gba kọ́bọ̀. Ti iléeṣẹ́ àgbẹ̀ Songhai ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní orílẹ̀-èdè Benin, tí Fadá Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ ní 1985, yàtọ̀ díẹ̀, nítorí àjọ fúnra rẹ̀ ló ni oko tó ń mówó wọlé.

Ní Ìsẹ́yìn, tí okìkí aṣọ òkè rẹ̀ kàn káàkiri, ojú òfì ni ìṣòro ètò yìí ti ń hàn. Lábẹ́ àtíbàbà, òwú títa gùn jáde lọ sí iwájú, òkúta wíwúwo dì í mú kó le dáadáa. Ọmọṣẹ́ jókòó, ọ̀kọ̀ ń lọ, ó ń bọ̀. Àṣà ìkọ́ṣẹ́ sọ pé ohun tí ọmọṣẹ́ bá hun, ọ̀gá ló ni ín. Ṣùgbọ́n bí àjọ bá ti ra òwú yẹn fún ẹ̀kọ́, ta ló ni aṣọ? Ojú lásán kò lè mọ̀ ọ́n, àfi ìwé. Rìsíìtì òwú àti àkáǹtì báǹkì gbọ́dọ̀ wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní.

Òfin iléeṣẹ́ Nàìjíríà ti ọdún 2020 náà ya ṣọ́ọ̀bù àti àjọ sọ́tọ̀. Lọ́dọ̀ CAC, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ òwò àti àjọ sílẹ̀, ṣọ́ọ̀bù lè gba ìwé gẹ́gẹ́ bí orúkọ òwò, kí èrè rẹ̀ jẹ́ ti olówò. Àjọ aláàánú ń forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ àwọn alágbàtọ́, wọn kò sì gbọdọ̀ pín owó rẹ̀ láàárín ara wọn. Ẹni tó wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń darí rẹ̀ kò gbọdọ̀ gba ipò olówó-oṣù níbẹ̀. Àmọ́ bí àjọ bá háyà yàrá lọ́wọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀, onítọ̀hún lè gba owó ilé tó bá ìwọ̀n mu. Ní ti owó-orí, èrè tí àjọ bá jẹ nínú òwò tí òun fúnra rẹ̀ ń ṣe kì í bọ́ lọ́wọ́ ìjọba nítorí pé iṣẹ́ àánú ló fẹ́ fi ṣe.

Ewu tó wọ́pọ̀ ni ti ọmọṣẹ́ ọ̀fẹ́ tó ń hun ọjà ṣọ́ọ̀bù láti àárọ̀ dalẹ́. Iṣẹ́ àánú kọ́ nìyẹn. Ọ̀gá ló ń rí lébìrà ọ̀fẹ́. Ó tọ́ kí wọ́n kọ iye wákàtí ẹ̀kọ́ sílẹ̀, kí ṣọ́ọ̀bù sì sanwó aṣọ tó bá gbà. Bí òwú bá wọ́n tí ọjà sì dákú, ẹ̀kọ́ lè dúró, àjọ sì lè túká. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn tí gbèsè bá tán, òfì tí wọ́n fi owó àjọ rà kò ní padà sílé ọ̀gá. Àjọ mìíràn tí ète rẹ̀ jọ ti èyí ni yóò gbà á.