Iṣẹ́ Ọnà Tó Wà Nítòsí Wa: Ibi Tí Akẹ́kọ̀ọ́ àti Ará Mọ̀pà Lè Ṣàbẹ̀wò Sí

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ wa tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Mọ̀pà, ní Kàbà àti ní Lọ́kọ́ja ló gbà pé ẹni tó bá fẹ́ rí iṣẹ́ ọnà gidi ní láti wọkọ̀ lọ sí Èkó tàbí Àbújá. Èrò yìí kò tọ̀nà. Ibi tí a ti lè rí iṣẹ́ ọnà wà nítòsí wa, àwọn mìíràn nínú wọn kò sì jìnnà sí ọgbà ilé ẹ̀kọ́ gíga. Nínú àlàyé yìí, a ó sọ ibi tí díẹ̀ nínú wọn wà, ohun tí ó yẹ kí a wò níbẹ̀, bí a ṣe ń ṣe àbẹ̀wò tó lérè, àti ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi kan àpótí aṣọ tó wà nínú yàrá àwọn ìyá wa àgbà.

Ògìdì-Ìjùmú

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ìlú Ògìdì wà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìjùmú, èyí tó bá Mọ̀pà-Mùró pààlà. Ibẹ̀ ni wọ́n bí Olóyè Níkẹ̀ẹ́ Davies-Okundaye sí ní ọdún 1951. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tó ṣì kéré, ọ̀dọ̀ ìyá àgbà tó tọ́ ọ ló sì ti kọ́ aṣọ híhun àti bí a ṣe ń rẹ aṣọ láró. Ìmọ̀ tó gbà nínú ilé yìí ló gbé lọ sí Òṣogbo, níbi tó ti dá ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní ọdún 1983, tó sì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn. Òun náà ló kọ́ ilé àfihàn iṣẹ́ ọnà alájà púpọ̀ tó wà ní Lẹ́kì, ní Èkó, níbi tí àwọn àlejò láti gbogbo ayé ti ń wo ẹgbẹẹgbẹ̀rún iṣẹ́ ọnà lọ́fẹ̀ẹ́.

Ṣùgbọ́n kò gbàgbé ilé. Ó dá ilé iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Ògìdì pẹ̀lú, níbi tí àwọn obìnrin ti ń hun aṣọ. Àǹfààní kan wà níbẹ̀ tí ilé àfihàn ńlá kò ní: ní Lẹ́kì, aṣọ tí wọ́n ti hun tán ni a ó rí lára ògiri, ní Ògìdì, a lè bá ahunṣọ lẹ́nu iṣẹ́, kí a sì bi í ní ìbéèrè.

Ẹni tó bá dé ibẹ̀, kí ó fiyè sí irú òfì tí wọ́n ń lò. Òríṣìí òfì méjì ni àwọn Yorùbá mọ̀. Àkọ́kọ́ ni òfì àwọn ọkùnrin láti ìbẹ̀rẹ̀, tí ahunṣọ máa ń jókòó sí, tí òwú rẹ̀ sì máa ń nà sílẹ̀ gbọọrọ níwájú rẹ̀. Aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń ti ibẹ̀ jáde, tí wọ́n á wá rán pọ̀ mọ́ ara wọn. Èkejì ni òfì àwọn obìnrin, tí wọ́n gbé dúró ti ògiri, tí ó ń mú aṣọ fífẹ̀ jáde. Òfì ìdúró yìí ni àwọn ìyá wa nílẹ̀ Òkun fi ń hun aṣọ nínú ilé, láti inú òwú tí wọ́n ran fúnra wọn. Lónìí, àwọn tó ṣì mọ̀ ọ́n lò kò pọ̀ mọ́.

Aṣọ pupa ti Bùnú

Àwọn ará Bùnú, tí wọ́n jẹ́ ẹ̀yà kan láàárín wa nílẹ̀ Òkun, lókìkí fún aṣọ pupa tí wọ́n ń pè ní aṣọ ipò. Aṣọ yìí kì í ṣe aṣọ ọjà lásán. Ìsìnkú àwọn olóyè àti àgbà pàtàkì ni wọ́n ń lò ó fún, wọ́n sì tún ń fi í rán ẹ̀wù eégún. Òwú pupa rẹ̀ ṣọ̀wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ahunṣọ fi ń tú aṣọ ìbora òyìnbó láti rí i. Ọ̀mọ̀wé Elisha Renne, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, wá gbé láàárín àwọn ará Bùnú láti kọ́ nípa aṣọ wọn, ó sì tẹ odidi ìwé kan jáde lórí rẹ̀ ní ọdún 1995. Ó yẹ kí èyí mú wa ronú. Bí àlejò bá lè ti òkè òkun wá kọ́ ìtumọ̀ aṣọ wa, kí ló dé tí akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní Kàbà kò fi ní í mọ orúkọ rẹ̀?

Lọ́kọ́ja àti Ẹ̀sìẹ́

Ní Lọ́kọ́ja, níbi tí Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ wà láti ọdún 2011, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan wà tó dá lórí ìtàn àkókò tí òyìnbó ń ṣàkóso wa. Ìlú náà ni olú ìlú àkọ́kọ́ fún Àríwá Nàìjíríà nígbà tí ìjọba òyìnbó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1900. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti gbọ́ ìtàn yìí nínú kíláàsì lè fi ojú ara rẹ̀ rí àpẹẹrẹ rẹ̀ níbẹ̀.

Ẹni tó bá gba ọ̀nà Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ́ wọ Ìpínlẹ̀ Kwárà lè dé Ẹ̀sìẹ́, tí kò jìnnà sí Òmù-Àrán níbi tí Yunifásítì Landmark wà. Ní Ẹ̀sìẹ́ ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà wà. Ọdún 1945 ni wọ́n ṣí i. Ère òkúta tó ju 800 lọ ló wà níbẹ̀, tọkùnrin tobìnrin, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jókòó, tí irun orí wọn sì ní ọnà lóríṣiríṣi. Títí di òní, àwọn onímọ̀ kò tíì fohùn ṣọ̀kan lórí ẹni tó gbẹ́ wọn.

Ohun tí àbẹ̀wò lè ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́

Ní ọdún 1958, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tó wà ní Zaria, tó di Yunifásítì Ahmadu Bello lẹ́yìn náà, kó ara wọn jọ di ẹgbẹ́. Lára wọn ni Uche Okeke, Demas Nwoko, Bruce Onobrakpeya àti Yusuf Grillo. Iṣẹ́ ọnà òyìnbó ni wọ́n ń kọ́ wọn nínú kíláàsì, ṣùgbọ́n wọ́n pinnu láti padà wo ti ilẹ̀ baba wọn, kí wọ́n sì mú èyí tó dára nínú méjèèjì. Okeke padà kọ́ ọnà uli, tí àwọn obìnrin Igbo ń yà sára ènìyàn àti sára ògiri, lọ́dọ̀ ìyá tó bí i. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyí wá di àgbà nínú iṣẹ́ ọnà Nàìjíríà. Bí ti Olóyè Níkẹ̀ẹ́, inú ilé ni orísun ìmọ̀ náà wà.

Nílẹ̀ wa pàápàá, olóògbé onímọ̀ ìtàn Ade Obayemi, ọmọ Ìfẹ̀-Ìjùmú, dé ipò ọ̀gá àgbà fún àjọ tó ń mójú tó gbogbo ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba àpapọ̀.

Bí a ṣe ń ṣe àbẹ̀wò

Kí ẹ tó gbéra, ẹ béèrè ọjọ́ àti wákàtí tí wọ́n ń ṣílẹ̀kùn, àti iye owó ìwọlé bí ó bá wà. Bí ẹ bá pọ̀, ẹ jẹ́ kí ilé ẹ̀kọ́ yín kọ lẹ́tà ṣáájú. Ní Ògìdì, ẹ kí àwọn àgbà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọ̀rọ̀. Ẹ má fọwọ́ kan iṣẹ́ láìgbàṣẹ, nítorí òógùn ọwọ́ ń ba aṣọ àti igi jẹ́. Ẹ gbàṣẹ kí ẹ tó ya fọ́tò, pàápàá fọ́tò ènìyàn.

Ẹ má ṣe sáré. Iṣẹ́ mẹ́ta tí a wò dáadáa sàn ju ọgbọ̀n tí a kàn gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá. Níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ bi ara yín pé: kí ni wọ́n fi ṣe é? Ta ló ṣe é, ta ló sì ṣe é fún? Ìgbà wo ni wọ́n ń lò ó? Báwo ló ṣe kúrò níbi tí wọ́n ti ṣe é? Ẹ kọ ìdáhùn sílẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ra aṣọ lọ́wọ́ ahunṣọ, ẹ rántí iye ọjọ́ tó lò nídìí òfì kí ẹ tó dúnàá-dúrà.

Àpótí ìyá àgbà

Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn nínú àwọn tí a kà sókè yìí ló ṣe pàtàkì jù. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ pé lẹ́yìn ìsìnkú ìyá àgbà, àwọn ọmọ á ṣí àpótí rẹ̀, wọ́n á rí aṣọ òfì tó ti gbó, wọ́n á sì tà á ní owó pọ́ọ́kú fún ẹni tó ń kiri ra nǹkan àtijọ́. Àìmọ̀ ló ń fa èyí. Ẹni tó bá ti rí irú aṣọ bẹ́ẹ̀ nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, tó sì ti gbọ́ àlàyé rẹ̀, kò ní í kà á sí àkísà.

Òfin náà kò dákẹ́ lórí rẹ̀. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 1979 lórí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ka iṣẹ́ ọnà ìbílẹ̀ tí wọ́n ṣe ṣáájú ọdún 1918 sí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Ó tún ka ohun tó níye lórí nínú ìtàn tàbí nínú ọnà, tí wọ́n sì ti lò fún ayẹyẹ ìbílẹ̀, mọ́ ọn, ìgbà yòówù kí wọ́n ṣe é. Nítorí náà, aṣọ ipò tàbí ẹ̀wù eégún lè wà lábẹ́ òfin yìí. Kò sí ẹni tó láṣẹ láti ra irú ohun bẹ́ẹ̀ àyàfi àjọ náà àti àwọn aṣojú tó fọwọ́ sí, kò sì sí ẹni tó gbọ́dọ̀ gbé e kọjá ẹnubodè láìgba ìwé àṣẹ. Bí ohun kan bá rú yín lójú nínú ilé, ẹ lọ béèrè ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba kí ẹ tó tà á.

A rọ àwọn olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga wa láti fi àbẹ̀wò kan, ó kéré tán, sínú ètò ọdọọdún. A rọ àwọn òbí láti jẹ́ kí àwọn ọmọ jókòó ti àwọn ìyá àgbà tó ṣì mọ òfì, kí wọ́n sì gba orúkọ aṣọ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ nígbà tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣì wà láàyè. Òkun o!