Yíyan Báàgì Ẹ̀yìn fún Ẹni tí Ó Sanra

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti Èrúwà bá ń gun òkè Adó-Àwáyè, tí àtẹ̀gùn rẹ̀ lé ní 300, tí èyí tí ó sanra nínú wọn sì ń kẹ́yìn, ẹ má ṣe dá ara rẹ̀ lẹ́bi kí ẹ tó yẹ báàgì ẹ̀yìn rẹ̀ wò.

Ẹ wo abiyamọ. Kì í fi èjìká gbé ọmọ. Ọ̀já ni ó fi ń gbé e lé ìbàdí. Iṣẹ́ ọ̀já ni bẹ́líìtì báàgì ń ṣe: òun ni ó yẹ kí ó gbé èyí tí ó pọ̀ jù nínú ẹrù lé eegun ìbàdí. Ẹni tí ó níkùn kò gbọdọ̀ dì í mọ́ àárín ikùn, kí èémí má baà nira fún un. Abẹ́ ikùn ni àyè rẹ̀. Bí bẹ́líìtì kò bá sì ká a, èjìká ni gbogbo ẹrù yóò padà sí.

Kí a tó ra báàgì, kí a wọn àyíká ìbàdí, kí a sì wọn ẹ̀yìn láti eegun tí ó yọ nídìí ọrùn dé ìbàdí. Ẹni gíga lè ní ẹ̀yìn kúkúrú. Kí okùn èjìká fẹ̀. Kí a di ẹrù sí i, kí a gbé e rìn, kí a tó sanwó.

Ní ìparí, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má ṣe di ẹrù ẹlòmíràn kún tirẹ̀ nítorí pé ó tóbi. Ara rẹ̀ ti jẹ́ ẹrù tí ó ń gbé gun òkè.