ASOFẸ́YẸJẸ: GBÒǸGBÒ TÓ DÁ EHORO DÚRÓ

Èèpo gbòǹgbò orin àtà àti ti bomubómu ni ilé ìwádìí ìjọba nípa ìlera, IRSS, ní Ouagadougou, olú-ìlú Burkina Faso, fi ṣe oògùn FACA fún àwọn tó ní àrùn fòníkúfọ̀ladìde. Ewé ilẹ̀ wa ni, ọmọ ilẹ̀ wa ló sì ṣe é. Ọ̀rọ̀ asofẹ́yẹjẹ kò rí bẹ́ẹ̀.

Ó pẹ́ tí àwọn oníṣègùn Yorùbá ti ń fi gbòǹgbò rẹ̀ wo wèrè. Dókítà Raymond Prince, ará Kánádà tó ṣiṣẹ́ ní Àrò, Abẹ́òkúta, kọ nípa rẹ̀ lọ́dún 1960. Ṣùgbọ́n lọ́dún 1952 ni àwọn onímọ̀ ní Switzerland ti yọ èròjà tó ń jẹ́ reserpine lára ìbátan igi náà tó wà ní Íńdíà. Èròjà yìí kan náà wà nínú asofẹ́yẹjẹ.

Bí wọ́n bá fún ehoro ní reserpine, etí rẹ̀ á wálẹ̀, kò ní lè mira. Lọ́dún 1955, wọ́n rí i ní Amẹ́ríkà pé oògùn náà ń gbá serotonin, ìránṣẹ́ kan nínú ọpọlọ, dànù. Ṣé àìsí rẹ̀ ló dá ẹran dúró? Arvid Carlsson, ará Sweden, yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dún 1957. Ó fún àwọn ẹran náà ní ohun tí ara fi ń ṣe serotonin, wọn kò dìde. Ó fún wọn ní DOPA, tí ara fi ń ṣe dopamine, ni wọ́n bá dìde. Ibẹ̀ ni ìtọ́jú àrùn Parkinson, tó ń mú ara gbọ̀n tó sì ń mú un le, ti ṣẹ̀. Carlsson gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2000.

Serotonin kò ṣàìní iṣẹ́ tirẹ̀ nínú ìrìn, nítorí ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹnu ọ̀nà tó ń gbà wọlé sára ọpọlọ tó mẹ́rìnlá. Bí oògùn bá ṣí èyí tó ń jẹ́ 5-HT1B, eku á máa sáré kiri. Bó bá ṣí 5-HT2C, eku á rọlẹ̀ wọ̀ọ̀. Ìránṣẹ́ kan náà ni, ẹnu ọ̀nà ló yàtọ̀.

Ẹ̀kọ́ nìyí fún ẹni tó ń bu àgbo asofẹ́yẹjẹ mu láìwọ̀n: ohun tó dá ehoro dúró lè dá ènìyàn náà dúró, ó sì lè já ìfúnpá rẹ̀ wálẹ̀ kọjá ààlà. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ouagadougou ti fi hàn pé a lè wọn ewé wa, kí a dán an wò, kí a tó fi fún aláìsàn.